Ẹnu Ẹ̀rọ Mẹ́ta Tó Wà Nínú Ìwé

Ẹ̀rọ omi náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu ìpẹtà díẹ̀ sílẹ̀, ó sì dákẹ́. Alágbàfọ̀ tún un yí. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Ó rọra gbá a nídìí bí ẹni tó ń jí ọmọ tí oorun ń kùn, ẹ̀rọ ò dá a lóhùn.

Bàsíà ńlá mẹ́rin wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura ló kún inú wọn, funfun tó ti di aláwọ̀ eérú, ó ń dúró de omi.

"Akọ̀wé mi," ìyàwó rẹ̀ pè é láti ìdí tábìlì tó ti ń lọṣọ, "ṣé ó ti yọ?"

"Ó máa yọ."

"Mi ò bi yín bóyá ó máa yọ. Mo ní ṣé ó ti yọ."

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ọkùnrin yìí ní Akọ̀wé. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ipò akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò ló ń mú un yó. Kálámù mẹ́ta kì í kúrò lápò àyà rẹ̀: búlúù fún lẹ́tà, pupa fún àtúnṣe, dúdú fún ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí onílé, sí ọ̀gá iléèwé, tàbí sí àna tó ń bínú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà. Kì í gba kọ́bọ̀. Ohun tó ń gbà kò ju pé kí èèyàn jókòó kí òun ka lẹ́tà náà sí i létí lẹ́ẹ̀mejì.

Fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin tó ni ilé ìtura ni, ẹni tó jẹ́ pé aṣọ rẹ̀ ló kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ Akọ̀wé dání.

"Akọ̀wé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí."

"Ẹ má bínú, mà. Omi ló fa..."

"Àlejò kì í sùn lórí àlàyé. Òní Ọjọ́ Ajé nìyí. Bí mi ò bá rí aṣọ mi ní Ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ lójú títì ni mò ń kó o fún."

Ó pa fóònù. Akọ̀wé gbójú sókè wo táńkì omi tó wà lórí òpó irin. Oṣù mẹ́rin péré sẹ́yìn ni wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ náà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára táńkì pé: Ẹ̀BÙN OMI LÁTI ỌWỌ́ ỌNÁRÉBÙ WA. Àwòrán Ọnárébù fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó nawọ́ sókè. Omi ti dáwọ́ dúró, àwòrán ò dáwọ́ ẹ̀rín dúró.

"Mo máa lọ bá Ọnárébù," Akọ̀wé ní.

"Kí ẹ lọ sọ kí ni fún un?"

"Kí n rán an létí ni. Ṣebí èèyàn wa ni."

Èèyàn wọn ni lóòótọ́. Onígbàjámọ̀ oríta ni Ọnárébù kó tó di kánsẹ́lọ̀. Ó mọ orí tó ní kókó, ó mọ èyí tó ń pá tí olórí ń fi pamọ́. Bí aládùúgbò méjì bá ń jà, orí àga rẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe agídí nígbà tí abẹ bá wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní òun ni kó lọ máa ṣojú àwọn. Bùọ̀dá Onígbàjámọ̀ ni wọ́n ń pè é lọ́jọ́ ìbò. Nígbà tó fi máa di ọdún kan, ó ti di Ọ̀gá. Ní ọdún kejì ó di Ọnárébù, ẹni tó bá gbàgbé ni wọ́n á ní kó lọ sẹ́nu ọ̀nà kó tún ìkíni rẹ̀ kí.

Èèyàn mọ́kànlá ló ti jókòó ní pálọ̀ Ọnárébù kí Akọ̀wé tó dé. Obìnrin kan mú ìwé ọsibítù dání. Òrùlé ọkùnrin kan ló ṣí. Ọ̀dọ́ méjì fẹ́ jẹ́sì bọ́ọ̀lù. Baba kan fẹ́ sìnkú. Akọ̀wé jókòó ṣèkejìlá wọn.

Ọnárébù jáde nínú aṣọ funfun kan tó gan pa. Akọ̀wé mọ aṣọ náà. Ìyàwó òun ló lọ̀ ọ́.

"Akọ̀wé! Akọ̀wé gidi! Ṣé omi ń yọ?"

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn, sà. Kò yọ mọ́."

Ọnárébù rẹ́rìn-ín. "Ẹ ń bá mi ṣeré. Ẹ wo ara ògiri yẹn."

Akọ̀wé sún mọ́ ògiri. Lẹ́tà kan wà nínú férémù oníwúrà, dígí bò ó. Ọwọ́ ìkọ̀wé òun alára ni. Lẹ́tà ìdúpẹ́ tí ó kọ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni, èyí tí èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n buwọ́lù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"'Sí Ọnárébù wa tí kò lẹ́gbẹ́, odò tí ẹ̀ẹ̀rùn ò lè gbẹ. Àwa ará àdúgbò fi tìdùnnú-tìdùnnú jẹ́rìí pé láti ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta ni omi tútù ti ń tú yàà, tọ̀sán-tòru, dé ojúlé tálákà àti olówó...'"

Ẹnu rẹ̀ ń mì lọ títí dé ìsàlẹ̀. Ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó wo àmì tó wà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé ọ̀kan ò ṣubú.

"Ó dùn àbí kò dùn?" Ọnárébù bi í.

"Ó dùn, sà." Akọ̀wé tún ara rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ kan ló wà níbẹ̀ o, sà."

"Ẹ̀yin lẹ kọ mẹ́ta."

"Mo fi dárà ni."

"Ó ga. Àrà yẹn wúlò gan-an ni."

Ọnárébù ní kó jókòó, òun náà jókòó tì í, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Kò bínú. Ó tiẹ̀ dà bí ẹni tó rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ wo pálọ̀ yìí. Oṣù tí mo kọ́kọ́ dépò, ẹnì kan ní kí n bá òun san owó iléèwé ọmọ òun. Mo fi owó oṣù mi san án. Ẹnì kejì dé, ẹnì kẹta tẹ̀ lé e. Kí ọdún tó yí po, owó oṣù mi ò ká ohun tí wọ́n ń tọrọ láàárọ̀ ọjọ́ kan mọ́. Mo ní mi ò ní, wọ́n ní ahun ni mí. Wọ́n ní ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi máa ń ṣe dáadáa. Ibo ni kí n ti rí i? Ẹ gbọ́ èyí: ó di ọdún mẹ́fà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó sórí àga yẹn tó bi mí pé, 'Kí lẹ lọ sọ ní ìpàdé ìgbìmọ̀?' Ẹnì kan ò bi mí rí."

Akọ̀wé bojú wo àga tó jókòó sí. Orí àga kan náà lòun ti tọrọ áyọ́ọ̀nù tuntun ní ọdún tó kọjá.

Òótọ́ ni Ọnárébù sọ. Àmọ́ òótọ́ náà kò pé. Kò sẹ́ni tó wá sí pálọ̀ yẹn tó ní kó kọ́ ilé alájà méjì, kò sì sẹ́ni tó ní kó ṣe yàrá ìgérun kan sókè ilé náà fún orí tirẹ̀ nìkan, dígí mẹ́rin yí i ká kó lè máa wo ìpàkọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí Akọ̀wé dìde, Ọnárébù ní kí wọ́n gbé nǹkan fún un. Páálí ọṣẹ kan ni. Àwòrán Ọnárébù wà lára ọṣẹ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ fi ṣiṣẹ́."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun gan-an ni, sà." Akọ̀wé dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúpẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lójú títì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ ọ.

Nígbà tó délé, tó ròyìn lẹ́tà inú férémù àti ọ̀rọ̀ Ọnárébù tán, ìyàwó rẹ̀ wo páálí náà títí.

"Wọ́n fún yín lọ́ṣẹ."

"Páálí odindi."

"Ṣé itọ́ lẹ máa fi fọṣọ?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù. Màmá Fáìlì ni, ó wá gba kọ́tìnì rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni màmá yìí fi tọ́jú yàrá ìwé ní ilé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní bó bá ra ẹja, ó máa ń tò ó ní ọjọ́ orí.

"Akọ̀wé, ẹ jókòó," ó ní. "Ẹnu ẹ̀rọ mélòó ló wà lábẹ́ táńkì yẹn?"

"Ọ̀kan, Màmá."

"Mélòó ló wà nínú lẹ́tà yín?"

Akọ̀wé fọwọ́ kan kálámù àyà rẹ̀. "Mẹ́ta. Ẹwà èdè ni, Màmá."

"Ẹwà èdè yẹn ni wọ́n fi gbowó iṣẹ́ tí wọn ò ṣe."

Akọ̀wé ṣojú pàkòpàkò.

"Ẹ fetí sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ bá gbé síta, ìwé kan wà tó sọ ohun tí agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ ṣe: kànga á jìn tó báyìí, ẹnu ẹ̀rọ á jẹ́ báyìí. Wọn kì í san owó tó kẹ́yìn àfi tí ẹ̀rí bá wà pé iṣẹ́ ti parí. Ẹnjiníà ló yẹ kó lọ wò ó. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá ti ọ̀dọ̀ ará àdúgbò wá pé, 'A jẹ́rìí, mẹ́ta ni, ó ń tú yàà,' ẹnjiníà ọ̀lẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Á gún lẹ́tà yín mọ́ fáìlì, á sì buwọ́lù ú. Férémù tí ẹ rí lára ògiri, ẹ̀dà lásán ni. Ojúlówó rẹ̀ wà nínú fáìlì. Ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí gbè wọ́n."

"Màmá, ìdúpẹ́ ni mo kọ! Ṣebí wọ́n ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ta wá ni ọlọ́ṣà, ta ni wọ́n kó lẹ́rù níbí? Owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, inú owó orí yín àti owó ṣọ́ọ̀bù yín ló ti jáde. Ẹ rán èèyàn lọ́jà, ó ra ìdajì ohun tí ẹ rán an bọ̀, ẹ wá dọ̀bálẹ̀ pé ó ṣeun tó fún yín lẹ́bùn."

Ìyàwó Akọ̀wé gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ṣùgbọ́n Ọnárébù ní àwa la ba òun jẹ́, Màmá. Ó ní gbogbo èèyàn ń tọrọ."

"Kò purọ́ tán. Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn, òun ló wọlé. Wọn ò bí i ní olè, èmi náà mọ̀ ọ́n nígbà tó ń gé irun. Ṣùgbọ́n ẹ ti èèyàn mọ́ yàrá tó kún fún owó ìlú, kẹ́nikẹ́ni má yọjú wò ó, kẹ́ ẹ wá máa kọrin ìyìn lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kìíní, á tú bọ́tìnnì kan. Tó bá fi máa di ọdún kẹfà, ìhòòhò ló máa wà, á sì rò pé agbádá lòun wọ̀." Ó gbé kọ́tìnì rẹ̀ lé orí itan. "Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Onígbàjámọ̀ lẹ yàn, ẹ wá fi orí sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin wá lọ sílé."

"Kí ni ká ṣe báyìí?" Akọ̀wé bi í.

"Ẹ kọ lẹ́tà mìíràn. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ béèrè ìwé iṣẹ́ náà ní ilé iṣẹ́ ìgbìmọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ jókòó sí ìpàdé wọn. Wọn kì í tilẹ̀kùn ṣe é, ìjókòó aráàlú wà níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀, ewúrẹ́ nìkan ni mo rí tó lò ó."

"Aṣọ ilé ìtura ńkọ́? Ọjọ́ Ẹtì..."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́," ìyàwó rẹ̀ ní, "ẹ̀yin lẹ máa lọ tú u. Èmi àtàwọn ọmọ á máa pọnmi láti ìsàlẹ̀ odò. Ibi tí agbára wa bá gbé e dé."

Akọ̀wé fa ìwé yọ. Ó kọ pé: "Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́, ojú tó ń ṣomi bí..."

Màmá Fáìlì yọ kálámù pupa lápò àyà Akọ̀wé, ó fà á pa.

"Màmá, ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ fani mọ́ra."

"Ẹnjiníà lẹ fẹ́ fà mọ́ra ni?"

Ìgbà mẹ́rin ni ó fa ọ̀rọ̀ pa. Ìlà mẹ́rin ló ṣẹ́kù: ẹnu ẹ̀rọ kan ló wà níbẹ̀, kò fún wa lómi mọ́ láti ọjọ́ báyìí, lẹ́tà tí a kọ tẹ́lẹ̀ pé mẹ́ta ni kì í ṣe òótọ́, a fẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Akọ̀wé tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n gba aṣọ lọ́rùn rẹ̀.

Ìbuwọ́lùwé ló wá kàn. Ọ̀dọ̀ Mẹkáníìkì ni ó kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ká buwọ́lu mẹ́ta?"

"Èmi ni."

"Ẹ wá ní ká buwọ́lu ọ̀kan."

"Ọ̀kan la rí. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ kà á nígbà yẹn kí ẹ tó buwọ́lù ú?"

"Kí n kà á kẹ̀? Mo rí orúkọ ìyàwó mi lókè, mo bá yáa kọ tèmi sábẹ́ kí ìjà má baà dé sílé." Mẹkáníìkì nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ kà á." Ó kà á tán. "Ó mà kúrú o. Ṣé ara yín yá?"

Ọ̀dọ̀ Bàbá Onílé ló le.

"Ọnárébù ló bá mi sìnkú ìyá mi," bàbá náà ní. "Kí n wá tún fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Kí ni ojú mi máa jọ?"

Akọ̀wé fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bú u. Ẹ máa kí i, ẹ máa dúpẹ́ òkú ìyá yín. Ẹ ṣáà bá wa ka ẹnu ẹ̀rọ. Mélòó ni?"

Bàbá Onílé na ọrùn wo ibi táńkì. "Ọ̀kan."

"Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kọ nìyẹn."

Ó pẹ́ kó tó buwọ́lù. Àwọn mìíràn kọ̀ pátápátá. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlá ló buwọ́lù.

Ní Ọjọ́rú, Akọ̀wé, Màmá Fáìlì àti Mẹkáníìkì lọ sí ilé iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Òṣìṣẹ́ kékeré tó wà níbẹ̀ ò gbé ojú sókè.

"Ìwé iṣẹ́ kànga? Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A ní láti wá a."

"Ọmọ mi," Màmá Fáìlì ní, "kọ́bọ́ọ̀dù iṣẹ́ omi, apá òsì, pẹpẹ kejì. Èmi ni mo lẹ orúkọ mọ́ ọn. Má jẹ́ kí n wá bá ọ wọlé."

Ọmọ náà wọlé, ó sì jáde kíá. Wọ́n ní kó lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà lẹ́tà wọn pé òun ti gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á. "Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀," Màmá Fáìlì ní, "wọ́n lè ní atẹ́gùn ló gbé e."

Mẹkáníìkì ni ó gba ìwé iṣẹ́ náà wò. Kànga tó jìn, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta, páǹpù ńlá. Ó dé ibi orúkọ agbaṣẹ́ṣe, ó dúró.

"Ṣé kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ Ọnárébù nìyí? Èyí tó fi abẹ gé mi létí?"

Òun ni. Ẹni tí kò tíì mọ irun gé ni wọ́n gbé kànga fún.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èèyàn mẹ́sàn-án ló tẹ̀ lé Akọ̀wé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá wọn dúró.

"Ta lẹ fẹ́ rí?"

"A ò fẹ́ rí ẹnì kan. Ìpàdé la wá wò."

"Ẹ fẹ́ wò ó ṣe kí ni?"

Kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí, ó sì jẹ́ kí wọ́n wọlé nítorí pé kò mọ ohun tó yẹ kóun fi kọ̀ fún wọn.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọnárébù fa Akọ̀wé sí kọ̀rọ̀. Ẹnì kan ti fi lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ náà hàn án.

"Akọ̀wé, kí la fi ṣẹ̀ yín? Ẹ sọ pé àná ni ó bàjẹ́, pé ọmọdé ló fi òkúta lu méjì nínú ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta náà kó tó di pé wọ́n yọ wọ́n kúrò. Mo máa ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún yín. Tuntun. Lónìí."

Ọ̀rọ̀ obìnrin ilé ìtura ń dún létí Akọ̀wé. Ẹ̀rọ ìfọṣọ! Ohun kan ló tún wà níbẹ̀ tó ń dùn ún ju ti ẹ̀rọ lọ. Bí òun bá dìde nínú ilé yẹn, gbogbo èèyàn ló máa gbọ́ pé Akọ̀wé, tí àdúgbò ń fi lẹ́tà rẹ̀ yangàn, irọ́ ló kọ.

"Ọnárébù," ó ní nígbẹ̀yìn, "ẹ̀rọ ìfọṣọ náà ń mu omi."

Nígbà tí alága ìpàdé béèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ láàárín aráàlú, tí kò tiẹ̀ gbójú sókè torí pé kò sẹ́ni tó ń dáhùn rí, Akọ̀wé dìde. Ó ka ìlà mẹ́rin rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Alága ṣí fáìlì. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí, tó ní odò tí ẹ̀ẹ̀rùn ò lè gbẹ?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé tí ẹ fi kọ mẹ́ta?"

Etí Akọ̀wé gbóná. "Ó dùn létí ju ọ̀kan lọ, sà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ń gbá tábìlì. Akọ̀wé dúró títí ẹ̀rín náà fi tán.

"Mo gbà pé mo ṣe àṣìṣe," ó ní. "Alágbàfọ̀ ni mí, n ò mọ̀ pé wọ́n ń fi ìdúpẹ́ sanwó. Ṣùgbọ́n ta ni ìgbìmọ̀ ń sanwó oṣù fún pé kó lọ ka ẹnu ẹ̀rọ?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnjiníà ń wá nǹkan kan nínú àpò rẹ̀, kò sì rí i. Ọnárébù gbójú wo ìjókòó aráàlú. Kò sí orí kan níbẹ̀ tí kò tíì gé rí.

Kí la rí gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, torí pé àsọdùn ló kó àdúgbò yìí sí ìjọ̀ngbọ̀n.

Ẹnjiníà lọ sí ìdí táńkì lọ́jọ́ kan náà, ó sì ka ẹnu ẹ̀rọ. Ó rí ọ̀kan. Wọ́n wọn kànga, kò jìn tó ìdajì ohun tó wà nínú ìwé. Ìgbìmọ̀ ní kí agbaṣẹ́ṣe padà wá parí iṣẹ́ láàárín ìgbà tí ìwé iṣẹ́ fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kó owó wá. Wọ́n yọ Ọnárébù kúrò lára àwọn tó ń pín iṣẹ́, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wádìí ìwà ìbàjẹ́. Wọn ò tíì dá a lẹ́bi, wọn ò sì tíì dá a láre. Ó ṣì ń lọ ro ẹjọ́, ó ṣì ń wọ aṣọ funfun, àmọ́ níbòmíràn ni wọ́n ti ń bá a lọ̀ ọ́ báyìí.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ìdajì aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni ìyàwó Akọ̀wé lè rí fọ̀. Èjìká òun àtàwọn ọmọ bó. Obìnrin ilé ìtura gba aṣọ rẹ̀, ó kà á, ó sì kó iṣẹ́ lọ fún àwọn ẹlẹ́rọ bó ṣe sọ. Ọ̀sẹ̀ méje ni omi fi pẹ́ kó tó yọ ní ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó yọ, obìnrin náà dá iṣẹ́ aṣọ ìnura padà fún wọn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ò tíì padà. Ohun tí lẹ́tà dídùn kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ ilé yìí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má sọ pé ẹ ò ní Ọnárébù ládùúgbò yín. Iṣẹ́ tí wọ́n fi owó ìlú ṣe kì í ṣe ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ lè kí ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ka iṣẹ́ náà kí ẹ tó kí i. Ẹ má buwọ́lu ìwé tí ẹ ò kà. Ẹ má kọ mẹ́ta níbi tí ẹ ti rí ọ̀kan, ì báà jẹ́ pé ó dùn létí. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yín, ẹ béèrè ìwé iṣẹ́ náà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tiyín. Ẹ má dá lọ. Ẹni tó dá lọ ni wọ́n ń fún lọ́ṣẹ.

Kí ẹ tó tún lọ tọrọ nǹkan ní pálọ̀ olóṣèlú, ẹ rántí pé ó ní láti rí i níbì kan. Ẹni tí a sọ di baba ìsìnkú àti baba owó iléèwé gbogbo àdúgbò, àwa la kọ́ ọ bó ṣe máa na ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá wá jalè, ẹ̀bi olè ò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwa náà wà níbẹ̀.

Ẹ wádìí ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ yín ń jókòó. Ẹ lọ. Ìjókòó wà níbẹ̀, eruku ló kàn bò ó. Bí ẹ̀ṣọ́ bá bi yín pé ta lẹ fẹ́ rí, ẹ ní ẹ ò wá rí ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ nilé.